Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí Sáfà Géèmù Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Kan Ẹnì Kọ̀ọ̀kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó bá kọ́ ìtẹ́ tó fẹ̀ jù ú lọ, òtútù ni yóò pa á. Èyí tí ìtẹ́ rẹ̀ bá sì kéré jù, ìrù rẹ̀ yóò yọ síta fún ológbò. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu wẹ́kú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti géèmù orí kọ̀ǹpútà àti ti orí fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa ń ta lẹ́ẹ̀kan náà, àti ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ tí ojú kì í rí. Bí ẹ̀yà náà kò bá sí níbẹ̀, géèmù ńlá kò ní ṣeé ta, dátà tí a sì fi owó oúnjẹ rà yóò tán kí wákàtí méjì tó pé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a kò wá láti dá ẹjọ́ bóyá ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ta géèmù tàbí kò yẹ. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí a tú inú rẹ̀ wò, kí a mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìdí méjì ló sì mú wa ṣe é. Èkínní ni pé Ifásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Minna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ilé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ètò kọ̀ǹpútà. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà ní Òkè Ọya níbí, ní Minna, ní Kàdúná, ní Jos, ní Kánò. Yorùbá tí a gbọ́ nílé, ti oúnjẹ, ti àdúrà àti ti ìbáwí ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì là ń sá tọ̀ lọ. A rò pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá lè fi èdè wa ṣàlàyé fún ara wa, ìyẹn gan-an la mọ̀.

Ọ̀tayò àti sáfà

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí orúkọ. Àwọn baba wa ń pe ẹni tó ń ta ayò ní ọ̀tayò. Àwa náà yóò máa pe ẹni tó ń ta géèmù ní ọ̀tayò. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó wà níbìkan, tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà gbogbo ọ̀tayò ń bá sọ̀rọ̀.

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ènìyàn méjì ló jókòó ti ọpọ́n kan, ojú àwọn méjèèjì ló sì tó gbogbo ilé 12 tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò nílò alárinà. Nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀tayò kan lè wà ní Bosso, èkejì ní Ìbàdàn, ẹ̀kẹta ní London. Ọpọ́n kò sí níwájú ẹnì kankan nínú wọn. Ọ̀dọ̀ sáfà ni ojúlówó ọpọ́n wà. Ohun tí oníkálukú ń rí lójú fóònù rẹ̀, àwòrán ọpọ́n náà ni, tí fóònù ń yà gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tó gbà láti ọ̀dọ̀ sáfà. Bí Àjàní bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, fóònù rẹ̀ yóò sọ fún sáfà, sáfà yóò sì sọ fún àwọn yòókù. Bí sáfà bá dákẹ́, Àjàní yóò dúró gbagidi bí òpó lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ló ń sá.

Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ nìyí: ta ni sáfà gbọdọ̀ sọ fún?

Ìṣirò tó ń dẹ́rù bani

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pé kí sáfà sọ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Bí ọ̀tayò bá jẹ́ 10, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹgbẹ́ 9. Nígbà tí gbogbo wọn bá gbé ẹsẹ̀ kan, ìròyìn 90 ni sáfà yóò fi ránṣẹ́. Ìyẹn kò ṣòro. Bí wọ́n bá di 100, ìròyìn di 9,900. Bí wọ́n bá di 1,000, ó di 999,000. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí ọ̀tayò di ìlọ́po 10, ìròyìn di nǹkan bí ìlọ́po 100. Ibẹ̀ ni ẹtu ti ń já.

Kí a wá fi àpò ara wa wò ó. Ká ní ìròyìn kan jẹ́ báìtì 50, kí sáfà sì máa fi ránṣẹ́ nígbà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀tayò kan nínú 1,000 yóò máa gba ìròyìn àwọn 999 yòókù. 999 lọ́nà 10 lọ́nà 50, báìtì 499,500 ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá ta géèmù náà fún wákàtí kan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gígábáìtì 1.8. Kí ni ó sì rí gbà níbẹ̀? Ìròyìn nípa àwọn ènìyàn tí kò lè fojú kàn, tí wọ́n wà lẹ́yìn òkè, lẹ́yìn ògiri, ní ìpẹ̀kun pápá. Owó dátà ni ó san, ariwo ni ó rà.

Akéde inú sáfà

Ní ìlú àwọn baba wa, akéde ni ń lu agogo jíṣẹ́ ọba. Ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ìlú, gbogbo ìlú ni akéde yóò dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kànga àdúgbò kan ló bàjẹ́, àdúgbò náà ni akéde yóò kọrí sí. Kò ní máa lu agogo kiri ní àdúgbò tí wọn kì í pọn omi níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Irú akéde bẹ́ẹ̀ wà nínú sáfà. Òun ni módúùlù tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní area of interest, tí wọ́n gé kúrú sí AOI. Ní èdè wa, a lè pè é ní sàkáání, nítorí ohun tó ń ṣe náà nìyẹn: ó ń mọ sàkáání ọ̀tayò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wí fún sáfà pé, "Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ ẹni yìí kàn. Àwọn ni kí o sọ fún. Fi àwọn yòókù sílẹ̀."

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1978, Roy Trubshaw àti Richard Bartle ní Ifásitì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ géèmù kan tí wọ́n pè ní MUD. Kò ní àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni. Yàrá yàrá ni wọ́n pín ayé inú rẹ̀ sí. Ohun tí ẹnì kan bá ṣe nínú yàrá, àwọn tó wà nínú yàrá náà ló máa ń rí i. Yàrá ni sàkáání. Nígbà tó di 1995, Michael Macedonia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó wà ní Monterey kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ogun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ogun yóò wà nínú rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ìpín onígun mẹ́fà bí afárá oyin. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa gba ìròyìn ìpín tó yí i ká nìkan. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, géèmù Fortnite ń kó ọ̀tayò 100 sórí erékùṣù kan, nǹkan tí sáfà sì ní láti máa ròyìn rẹ̀ nígbà tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí 50,000. Ìṣòro yìí ló mú kí ilé-iṣẹ́ Epic Games ṣe ohun tí wọ́n pè ní Replication Graph, tí wọ́n gbé jáde fún gbogbo ènìyàn nínú Unreal Engine 4.20 ní 2018.

Bí a ṣe ń pín pápá

Báwo wá ni módúùlù náà ṣe ń mọ ẹni tó sún mọ́ ẹni? Ó lè máa wọn ọ̀nà tó wà láàárín gbogbo ènìyàn ní méjì méjì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀tayò 1,000, méjì méjì tó wà níbẹ̀ jẹ́ 499,500. Bí ó bá ń wọ̀n wọ́n nígbà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìwọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5. Ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀tayò, orí sáfà la gbé e kà.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí a pín pápá sí àdúgbò àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wò ó pé a ya Minna sínú géèmù, a sún un kì, ó gùn ní mítà 2,000, ó sì fẹ̀ ní mítà 2,000. Bosso wà lókè, Chanchaga wà nísàlẹ̀, Kpakungu wà lápá kan, ọ̀nà Gidan Kwano gba ibẹ̀ jáde. Ká ní òdiwọ̀n ìríran ọ̀tayò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 100 yíká. A ó pín pápá náà sí ìpín onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 100. Ìpín 400 ni yóò jẹ́. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tirẹ̀: ẹni tó bá wọ inú rẹ̀, a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá jáde, a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Nígbà tí sáfà bá fẹ́ mọ àwọn tó wà ní sàkáání Àjàní, kò ní bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ìlú. Ìpín tí Àjàní wà àti ìpín 8 tó yí i ká ni yóò wò, 9 lápapọ̀. Kí ló dé tí 9 fi tó? Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìpín kan bá òdiwọ̀n ìríran dọ́gba. Níbikíbi tí Àjàní ìbáà dúró sí nínú ìpín rẹ̀, ẹni tí kò bá jìnnà sí i ju mítà 100 lọ kò lè kọjá ìpín tó fara kan tirẹ̀. Ẹni tó wà ní Bosso kò nílò okùn ìwọ̀n kó tó mọ̀ pé òun kò lè rí ẹni tó wà ní Chanchaga.

Bí ọ̀tayò 1,000 bá tàn ká dọ́gbadọ́gba, ènìyàn 2 tàbí 3 ni yóò wà nínú ìpín kan. Nínú ìpín 9, yóò jẹ́ nǹkan bí 22 tàbí 23. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni sáfà yóò wọn ọ̀nà wọn. Nínú wọn, nǹkan bí 8 ni yóò bọ́ sínú mítà 100 gan-an, nítorí pé òbìrí náà kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín 9 yẹn lọ. Ẹ wá padà síbi ìṣirò wa: 8 lọ́nà 10 lọ́nà 50, báìtì 4,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní wákàtí kan, mẹ́gábáìtì 14.4. Ohun tó fẹ́ jẹ gígábáìtì 1.8 ló di èyí.

Ibí ni òwe eku ti wọlé. Bí a bá ní kí ẹ̀gbẹ́ ìpín jẹ́ mítà 10, tí òdiwọ̀n ìríran sì wà ní 100, ìpín 441 ni sáfà yóò máa tú wò fún ẹnì kan ṣoṣo, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn yóò ṣófo. Bí a bá sì ní kí ó jẹ́ mítà 1,000, gbogbo pápá di ìpín 4, sáfà á tún máa wọ gbogbo ìlú bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹni tó ń wò àti ẹni tí à ń wò

Ẹni tó bá fẹ́ rí irú módúùlù bẹ́ẹ̀ kà lọ́fẹ̀ẹ́ lè wo èyí tí Cloud Wu, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, kọ. Òun náà ló kọ Skynet, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà géèmù dúró lé, tó gbé jáde ní 2012. Módúùlù AOI rẹ̀ kéré, ó sì mọ́ gaara. Ohun mẹ́ta péré ni à ń sọ fún un nípa ohun kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó wà, àti irú ẹni tó jẹ́. Irú ẹni náà, lẹ́tà ni a fi ń sọ ọ́. Lẹ́tà w túmọ̀ sí pé ó ń wo ẹlòmíràn. Lẹ́tà m túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn lè rí i. Lẹ́tà wm, ó ń wò, a sì ń wò ó. Lẹ́tà d, ó ti kúrò láyé géèmù. Lẹ́yìn èyí, a ó ké sí módúùlù náà lóòrèkóòrè, òun yóò sì máa ka orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ara wọn fún wa: "Ẹni yìí ti rí ẹni yẹn."

Ọ̀tayò gidi, wm ni. Àpótí ìṣúra tó wà nílẹ̀, m ni. A ń rí i, ṣùgbọ́n kò ní ojú tó fi ń wo ẹnikẹ́ni, kò sídìí tí sáfà yóò fi máa ròyìn fún un. Ẹni tó wá wòran ìdíje, tí kò sí nínú ìjà, w ni. Ó ń rí gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò rí i. Ẹ rí i pé módúùlù náà kò mọ̀ bóyá ìjà ni à ń jà tàbí ọjà ni à ń ná. Ẹni tó wà níbì kan àti ẹni tó rí i nìkan ló mọ̀. Ìyẹn ló sì dára nínú rẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀: jẹ́ kí AOI ṣe iṣẹ́ AOI, kí òfin ìjà wà lọ́tọ̀.

Rírí kò sì ní láti jẹ́ ojú fún ojú. Ní ọdún 1995 kan náà, Chris Greenhalgh àti Steve Benford ní Ifásitì Nottingham ṣàlàyé pé ibi tí ojú mi dé lọ́tọ̀, ibi tí òkìkí mi kàn lọ́tọ̀. Àwa ọmọ Yorùbá mọ èyí dáadáa. Nígbà tí onílù bàtá bá ń lù ní òpin àdúgbò, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun kò rí gbogbo àdúgbò. Nínú géèmù tí ó bá ní ìlù tàbí ìbúgbàù, ohun tó ń dún gbọdọ̀ ní sàkáání tó fẹ̀ ju ti ẹni tó ń yọ́ rìn lọ.

Ẹnu ọ̀nà

Ìròyìn mẹ́ta ni AOI máa ń mú wá: ó wọlé, ó rìn, ó jáde. Wọ́n gbọdọ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí "ó rìn" bá ṣáájú "ó wọlé," fóònù yóò máa bèèrè pé ta ni ó rìn. Bí "ó jáde" bá sọnù lọ́nà, ọ̀tayò náà yóò dúró sójú kan lójú fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí àkúdàáyà: a ń rí i, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́, ìbọn tí a bá yìn sí i, inú afẹ́fẹ́ ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí à ń pè ní "nẹ́tíwọ̀kì burúkú," irú èyí ni.

Ìṣòro mìíràn ni ti ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Ká ní Àdùkẹ́ wà ní mítà 99 sí Àjàní, ó wá sún díẹ̀, ó di 101, ó tún padà sí 99. Sáfà yóò máa pariwo: ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde. Àdùkẹ́ yóò máa yọ, yóò máa pòórá bí iná mọ̀nàmọ́ná ìlú wa. Ọ̀nà àbáyọ ni kí òdiwọ̀n méjì wà: kí ẹni tó bá bọ́ sínú mítà 100 wọlé, ṣùgbọ́n kí á má kéde pé ó jáde àfi bí ó bá kọjá mítà 120. Àlàfo 20 yẹn ni ìlẹ̀kùn fi ń sinmi.

Ọjọ́ ọjà

Gbogbo ìṣirò tí a ti ṣe dúró lórí pé àwọn ọ̀tayò tàn ká. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í tàn ká. Bí a bá gbé ọjà Kure sínú géèmù wa, ibẹ̀ ni gbogbo wọn yóò rọ́ lọ. Bí ọ̀tayò 200 bá kóra jọ sínú ìpín kan, AOI kò ní ẹni tí yóò yọ kúrò, nítorí pé lóòótọ́ ni wọ́n jọ wà ní sàkáání ara wọn. Kálukú wọn yóò máa gba nǹkan bí báìtì 100,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 360 ní wákàtí kan.

Ní irú ọjọ́ yìí, ó di dandan kí a mọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó ń bá mi jà, ẹni tó wà níwájú mi, ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mi, àwọn wọ̀nyí ni kí sáfà ròyìn wọn fún mi nígbà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó kù nínú èrò náà, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Bí àwọn tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n bá jẹ́ 20, tí àwọn èrò jẹ́ 180, báìtì 10,000 àti báìtì 18,000 ni, 28,000 lápapọ̀. Mẹ́gábáìtì 360 di nǹkan bí 100. Èrò ọjà yóò máa ta gìrì díẹ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n ìjà tí à ń jà yóò já gaara.

Ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ dátà la ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òtítọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìròyìn tí ó bá ti dé inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mi, mo lè tú u wò, ìbáà jẹ́ pé géèmù kò yà á sí ojú fóònù. Ọ̀nà tí àwọn onímàgòmágó fi ń rí ènìyàn lẹ́yìn ògiri nìyí. Sáfà ti sọ fún kọ̀ǹpútà wọn pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n bó ògiri kúrò. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Riot Games ṣàlàyé bí àwọn ṣe kojú èyí nínú géèmù Valorant: sáfà kò ní sọ ibi tí ọ̀tá wà fún ọ àfi bí ó bá kù díẹ̀ kí ojú rẹ tó o. Ohun tí kò dé ọwọ́ rẹ, o kò lè jí i wò.

Bí sàkáání tó fẹ̀ jù ṣe ń bí màgòmágó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó kéré jù ń bí ìrẹ́jẹ. Ká ní ìbọn kan nínú géèmù lè dé mítà 300, kí òdiwọ̀n ìríran sì jẹ́ 100. Ìbọn ń ba ẹni tí ẹni tó yìn ín kò rí, ẹni tí wọ́n yìn sì kú láìmọ ẹni tó pa á. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yan òdiwọ̀n kò gbọdọ̀ wo dátà nìkan. Ohunkóhun tó bá lè pa mí lára gbọdọ̀ wà ní sàkáání mi.

Kí ló kàn wá ní Minna?

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni èyí, kò kàn wá. Ó kàn wá púpọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Ní ilẹ̀ tí dátà ti pọ̀ bí omi, ẹni tó kọ géèmù lè fi ṣòfò. Níbí, báìtì tí a bá dá sí, owó gàrí ni. Géèmù tí ọmọ Nàìjíríà bá kọ fún ọmọ Nàìjíríà, tí kò bá ro ti sàkáání, àwọn tó kọ ọ́ fún kò ní lè ta á.

Kí a má sì ṣe àsọdùn: AOI kò lè mú Yúróòpù sún mọ́ Minna. Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Portugal wá sí Èkó láti 2010 gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ lórí okùn náà nìkan ti jẹ nǹkan bí ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, kí a tó ka Èkó sí Minna. Kò sí módúùlù tó lè dín in kù. Ohun tí AOI lè ṣe ni pé kí ojú ọ̀nà má kún fún ẹrù tí kò wúlò, kí èyí tó wúlò lè tètè dé.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kò nílò owó púpọ̀. Géèmù Minecraft ní sáfà tí a lè gbé kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí àwọn ọ̀rẹ́ inú yàrá fi Wi-Fi wọlé sí i láìlo dátà rárá. Ayé Minecraft, ìpín ìpín tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù 16 ni wọ́n gé e sí. Nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ server.properties, ìlà kan wà tó ní view-distance, iye rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni 10. Ìyẹn ni pé ìpín 10 sí iwájú, 10 sí ẹ̀yìn, 10 sí ọ̀tún, 10 sí òsì, pẹ̀lú èyí tí ọ̀tayò dúró sí: 21 lọ́nà 21, ìpín 441 fún ẹnì kan. Ẹ sọ 10 di 5, yóò di 11 lọ́nà 11, ìpín 121. Ẹ wo bí kọ̀ǹpútà ṣe mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí òkè tó jìnnà ṣe pòórá. Èrè àti àdánù rẹ̀ wà lójú kan náà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ èyí tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn, kí ẹ wọn dátà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tayò 10, lẹ́yìn náà 50, lẹ́yìn náà 100. Ètò kọ̀ǹpútà lè ṣe bí ọ̀tayò, kò dìgbà tí ẹ bá rí 100 ènìyàn. Ẹ wá fi ìpín onígun mẹ́rin kún un, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ fi òdiwọ̀n ìwọlé àti ti ìjáde kún un. Ní ìparí, ẹ kó gbogbo ọ̀tayò sójú kan bí ọjọ́ ọjà, kí ẹ wo ibi tó ti já. Ìwé iṣẹ́ àṣekágbá tó bá fi iye hàn ní ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ohun gidi ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a ṣe sọ èyí ní Yorùbá ni a lè sọ iná mọ̀nàmọ́ná, ilé kíkọ́, ìmọ̀ ẹja àti ìmọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ tirẹ̀, kó kọ ọ́ wá fún ìwé ìròyìn wa, kí àwa náà lè kà á.